Epo Tí Kò Tán Nínú Ayùn

Irin náà wà lórí tábìlì nínú àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì ti di àwọ̀ aró.

Kò sẹ́ni tó kùn ún o. Iná ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó gùn tó apá àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ ni ṣéènì eléyín ti máa ń sáré yí po bí ẹni tí ajá ń lé. Àwọn agégi ń pè é ní ahọ́n ayùn, ìyẹn ayùn ẹlẹ́rọ tí wọ́n fi ń gé igi. Ahọ́n tiwa yìí ti gbóná débi pé ì bá dín ẹyin fún odidi ọjà, kí àwọn ará ọjà sì tún gbé èyí tó ṣẹ́ kù lọ sílé. Ṣéènì rẹ̀ ti já, ó wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ eyín rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Arẹ́gi ni. Ta ni kò mọ Arẹ́gi? Àgbà agégi tó jẹ́ pé bí igi bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, gbọ̀nrìngbọ̀nrìn ló ń gbọ̀n. Láàárọ̀ àná ló ń la igi lọ́wọ́ tí ṣéènì já, tó fò, tó sì fa itan rẹ̀ ya. Dókítà rán an títí òwú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ọsibítù.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún dúró níwájú tábìlì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Tọpinpin ni gbogbo ayé ń pè é, orúkọ yẹn sì ti gbé èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mì pátápátá. Bí o bá fẹ́ purọ́ fún un lọ́la, àtòní ni imú rẹ̀ á ti máa yún un. Àwọn olè kan ti kó kúrò ládùúgbò nítorí ó sín.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, orí rẹ̀ dàrú bí òwú tí ológbò fi ṣeré.

Ohun tó dà á láàmú nìyí. Bí epo bá ń dé ara ahọ́n ayùn, kì í jóná. Èyí jóná. Ó dára, a jẹ́ pé epo ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ epo ṣéènì sí lára ẹ̀rọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ kó lè rí inú rẹ̀, epo sì dà sí i lórí bàtà. Ó kún dẹ́nu.

Epo kún. Irin jóná. Ó dé e, ó tún ṣí i wò, bóyá epo náà á yí ọkàn padà. Ó ṣì kún.

Ọ̀gá Onípákó, ẹni tó ni ilé ìlagi tó sì ni ayùn, jókòó sórí àga kan tó ń ké ìrora lábẹ́ rẹ̀. Lójú tiẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣòro níbẹ̀. Ó ní Mẹ́káníìkì tó ń tún ẹ̀rọ àwọn ṣe ló dán an wò. Àbúrò ìyàwó Arẹ́gi ni ọmọkùnrin náà, òun àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì bá ara wọn jà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjàǹbá náà, gbogbo èèyàn gbọ́ ọ nígbà tó ní ṣéènì á já lù ú lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá Onípákó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan sórí tábìlì. Epo dúdú ni, irú èyí tí wọ́n ń fà jáde lábẹ́ mọ́tò lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ títí, tí ẹ̀rúnrún irin ti kún inú rẹ̀. Ó ní nínú yàrá iṣẹ́ Mẹ́káníìkì lòun ti bá a.

"Ohun tó dà sínú ayùn nìyí. Ẹ gbé e lọ sí kóòtù, kó lọ ṣàlàyé fún adájọ́."

Mẹ́káníìkì ti wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀gá pátápátá ní àgọ́ náà sì ti fọwọ́ sí i pé bí Tọpinpin ò bá rí nǹkan mìíràn mú wá kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kóòtù ló kàn láàárọ̀ ọ̀la.

Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di kúlà oúnjẹ mú bí ẹni pé ó fẹ́ sá lọ. Ìyàwó Arẹ́gi ni. Bí Tọpinpin ti ń kọjá ló dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ bá mi dá a. Ta ni kí n gbé oúnjẹ yìí fún?"

Tọpinpin ní kò yé òun.

"Bí mo bá gbé e lọ sí ọsibítù, màmá mi á ní mo ti dá àbúrò mi lẹ́bi. Bí mo bá gbé e wọlé fún àbúrò mi, àwọn ará ilé ọkọ mi ti ní kí n má padà sílé àwọn mọ́. Láti òwúrọ̀ ni mo ti jókòó síbí. Ó ti tutù."

 Tọpinpin wo kúlà, ó wo obìnrin náà, ó ní kó dúró de òun.

Mẹ́káníìkì ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dìde nígbà tí Tọpinpin wọlé.

"Ìwọ lo ní ṣéènì á já lù ú?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Màá sì tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n yẹn kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ mí. Bó bá ń rú èéfín, wọ́n á ní igi ló ń rú u."

"Epo dúdú inú yàrá rẹ ńkọ́?"

"Ti ìdí òpó ọgbà ni. Ikán ń jẹ wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n ṣe ni."

"Kí lo wá rọ sínú ayùn?"

"Epo ṣéènì. Pupa ni, ọ̀dọ̀ Ìyá Elépo ni mo ti rà á. Mo rọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, ọ̀gá? Ṣé wọn ò ní gé e?"

Imú Tọpinpin ò yún rárá. Ó padà sídìí ayùn, ó ti igi tín-ín-rín kan bọ inú epo, ó fà á jáde. Ó pupa. Ó fi ìka méjì pa á, ó sì ya ìka náà sọ́tọ̀, epo náà fà yọ̀ọ̀ láàárín wọn, kò fẹ́ já. Kì í ṣe epo dúdú. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi rántí pé inú òun kò yẹ kó dùn. Bó bá jẹ́ epo gidi ló wà nínú ẹ̀rọ, tó sì kún, kí ló wá jó irin?

Àfi bí epo náà bá jẹ́ ayédèrú. Ó bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré kan, ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Elépo lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Elépo kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ṣùgbọ́n epo tó wà níbẹ̀ tó láti mú kí ayé yí láìdún. Ìgò kún un láti ilẹ̀ dé àjà. Obìnrin náà so awò ojú mọ́ ọrùn, ó ń fi àkísà nu ìdí ìgò. Tọpinpin ò sọ pé ọlọ́pàá lòun. Ó ní òun fẹ́ ra epo tí wọ́n ń rọ sí ayùn, òun ò sì mọ èyí tó yẹ.

"Ẹ ò mọ ọ́n lóòótọ́," Ìyá Elépo wí, "torí ẹ wọ bàtà ọlọ́pàá, epo mi sì wà lórí rẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè ohun tí ẹ bá wá béèrè."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní epo ẹ́ńjìnì ti mọ́tò dára nínú mọ́tò, nítorí inú ilé ló ń gbé. Ẹ gbé e sára ṣéènì ayùn, kó tó yí lẹ́ẹ̀kan yóò ti fò dànù, ṣòkòtò agégi ló máa gbà á. Epo dúdú tí mọ́tò ti lò tán tún burú jù ú lọ, ó dà bí ẹni tó fi iyanrìn fọ eyín. Epo ṣéènì gan-an ní ohun kan tó ń lẹ̀ nínú, kó lè di irin mú bí ṣéènì bá ń sáré. Nígbà ooru, èyí tó ki ni wọ́n ń rà. Nígbà òtútù, èyí tó ṣàn, kí ẹ̀rọ má baà rù ú tì. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń rọ òróró ìdáná sí i níbi tí wọn ò bá ti fẹ́ ba ilẹ̀ tàbí omi jẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òun kì í tà á, ẹni tó bá fẹ́ òróró kó lọ bá àwọn tó ń ta nǹkan ọbẹ̀.

"Ẹ sì fi èyí sọ́kàn," ó ní. "Epo yìí kì í padà. Bó ṣe ń jáde ló ń lọ. Ẹ rọ bẹntiróòlù, ẹ rọ òun náà."

Tọpinpin mi orí bí ẹni tó wà nínú ìwàásù, kò mọ̀ pé wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ lé òun lọ́wọ́. Ó gbé ìgò kékeré rẹ̀ kalẹ̀. Ìyá Elépo fa ọ̀bẹ méjì yọ, ó ki ọ̀kan bọ epo inú ìgò náà, ó ki èkejì bọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó so wọ́n mọ́ ìṣó lórí ìwé ìròyìn. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo ọ̀bẹ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Epo méjèèjì fà wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀kan ò ṣáájú èkejì. Epo kan náà ni. Èyí tó ki ni, ooru sì ń mú lóde bí ààrò. Kò sí àṣìṣe kankan.

Nígbà tí Tọpinpin jáde sójú títì, ara rẹ̀ ló ń kùn sí. Mẹ́káníìkì ò purọ́. Ìyá Elépo ò purọ́. Epo fúnra rẹ̀ ò purọ́. Ó wá ku irin, irin ò sì lẹ́nu. Ó rìn kọjá ọsibítù láìmọ̀, ó yí padà, ó tún fẹ́ kọjá ọsibítù lẹ́ẹ̀kejì kó tó yà wọlé lọ bá Arẹ́gi.

Ẹsẹ̀ Arẹ́gi wà lórí ìrọ̀rí, wọ́n wé e títí ó fi tóbi ju Arẹ́gi fúnra rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí ọ̀rọ̀ má pẹ́. Tọpinpin bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní ayùn òun ló bàjẹ́, Ọ̀gá Onípákó ṣí yàrá ẹrù, ó gbé ayùn mìíràn jáde fún òun, èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti fi ṣiṣẹ́ létí adágún ẹja kan lọ́dún tó kọjá. Mẹ́káníìkì rọ epo sí i, òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń gé dáadáa. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín.

"Kí ló dé tí o ò dúró?"

"Mo dúró, ọ̀gá. Mo ṣí epo ṣéènì wò. Ó kún. Mo ní kí ló tún kù? Mo ń bá a lọ. Mo rọ bẹntiróòlù, mo tún un rọ, epo ṣéènì ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo tiẹ̀ pe Ọ̀gá, mo ní epo tí àna mi rà yìí mà ní ìbùkún, kì í tán."

"Kí ni Ọ̀gá wí?"

"Kò wí nǹkan kan. Ó wo ẹ̀rọ, ó lọ."

Tọpinpin bi í bóyá ó gbà pé àna rẹ̀ ló ṣe é. Arẹ́gi wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n wé.

"Ọkàn mi ò gbà á," ó ní. "Ẹsẹ̀ mi ló gbà á."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ wa ò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti òwúrọ̀. Ó yà sílé, bóyá bí ikùn bá kún, orí á là. Orí ò là. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ìdáná, ó ti fọ́ ẹyin sínú abọ́, ó na ìgò òróró kan sí i.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi ṣí èyí. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti bá a."

Tọpinpin yí ìdérí rẹ̀. Kò yí. Ó fi aṣọ dì í mú, ó yí i, ojú rẹ̀ pọ́n, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ọkùnrin tó ti fi ọwọ́ òsì lásán di oríṣiríṣi gbọ́mọgbọ́mọ mú ń bá ìgò ja ìjàkadì, ìgò sì ń borí.

"Ẹ fi sílẹ̀ kí n da omi gbígbóná lé e. Òróró ló gan mọ́ ọn lẹ́nu. Bó bá ti pẹ́ láìlò, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Tọpinpin gbé ìgò náà sójú fèrèsé. Ohun kan yí ọrùn rẹ̀ po, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó le, ó sì ń lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù. Ó fi èékánná hó o. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́, ó ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ láti ìta.

Epo yẹn kì í padà. Ó ń jáde ni, ó ń lọ. Arẹ́gi rọ bẹntiróòlù, ó tún un rọ, epo ṣéènì sì kún síbẹ̀. Epo tó bá kún lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yẹn kò tíì jáde rárá. Láti òwúrọ̀ ni gbogbo wọn ti ń béèrè irú epo tó wà nínú ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá epo dé ara ṣéènì.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹyin ńkọ́?"

Ó ti dé ojú títì. Ìgò náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní kí wọ́n gbé Mẹ́káníìkì jáde wá sí ilé ìlagi, pẹ̀lú ayùn. Ìyàwó Arẹ́gi tẹ̀ lé wọn, ó gbé kúlà rẹ̀ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ní kó wá, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ lé e padà. Lẹ́búlẹ́bú pákó bo ilẹ̀ ibẹ̀ bí ibùsùn. Ọ̀gá Onípákó jáde, ó béèrè ìdí tí wọ́n fi tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀.

 Tọpinpin bọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Mẹ́káníìkì, ó ní kó da epo inú ayùn sínú abọ́. Epo pupa dà, ó dà, ó dà, abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

"Ọ̀nà wo ló ń gbà dé ara ṣéènì?"

Mẹ́káníìkì ní rọ́bà kékeré kan wà nínú rẹ̀, asẹ́ wà lẹ́nu rọ́bà náà. Ó fi wáyà kọ́ ọ jáde. Ó gbé e sójú oòrùn wò. Ohun pípọ́n kan ti bo asẹ́ náà mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù dì í. Kò sí ihò kankan tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá.

"Mi ò rí irú èyí rí," ó ní.

Tọpinpin gbé e sí imú, imú yẹn tí gbogbo olè ń sá fún. Ó gbé ìgò ìyàwó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún gbóòórùn. Òórùn ìdáná àtijọ́ ni, méjèèjì. Ó kọjú sí Ọ̀gá Onípákó.

"Iṣẹ́ adágún ẹja lọ́dún tó kọjá, epo wo lẹ rọ síbí?"

Ó ní òun ò rántí. Tọpinpin ní kò burú, ẹni tó ni adágún lè rántí, ṣé kí àwọn pè é?

"Òróró ni," Ọ̀gá Onípákó wí. "Ọkùnrin náà ò fẹ́ kí epo kan omi ẹja rẹ̀. Òróró gidi ni, ó sì ṣiṣẹ́."

"Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Nígbà tí ẹ parí ńkọ́, ẹ dà á nù kí ẹ tó ti ayùn mọ́lé?"

Ọkùnrin náà wo bàtà ara rẹ̀. Òróró ti jókòó sínú ẹ̀rọ láti ọjọ́ náà, ó ti gan, ó sì ti dí ẹnu ọ̀nà. Epo gidi tí Mẹ́káníìkì rọ lé e lórí kàn jókòó níbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò ṣí ilẹ̀kùn fún.

Bó bá jẹ́ àìmọ̀ lásán ni, Tọpinpin ì bá ti lọ sídìí ẹyin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣì ń yún un nímú. Ó bi Mẹ́káníìkì ta ló ní kó fi epo dúdú kun ìdí òpó.

"Ọ̀gá ni."

Gbogbo wọn yíjú síbi ọgbà. Òpó tò lọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn, ìdí gbogbo wọn ló dúdú, ó ń dán nínú oòrùn. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀gá Onípákó ń gba ibẹ̀ wọlé.

"Ẹ mọ ohun tí epo yẹn wà fún," Tọpinpin wí, "ẹ wá gbé e sórí tábìlì mi."

 Ọ̀gá Onípákó ní nígbà tí Arẹ́gi ń yin epo tí kì í tán, nǹkan kan sọ sí òun lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò dá òun lójú, igi sì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà òun rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù bà òun. Òun rántí ìjà wọn, òun sì rí kẹ́ẹ̀gì.

Ìyàwó Arẹ́gi kò bú u. Ó kàn gbé kúlà rẹ̀ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá ojú mìíràn lára rẹ̀.

Tọpinpin ní kí Mẹ́káníìkì fọ asẹ́ náà, kó sì fi ahọ́n àti ṣéènì tuntun sí i. Ó rọ epo, ó fa ẹ̀rọ, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sí páálí funfun kan láìjẹ́ kó kàn án. Ẹ̀rọ ké débi pé àwọn ẹyẹ ibẹ̀ ṣí kúrò títí dòní. Ìlà epo pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì fọ́n sójú páálí náà, ó gùn láti etí dé etí. Mẹ́káníìkì wá fi ayùn náà la igi tí Arẹ́gi là kù, títí bẹntiróòlù fi tán. Ó ṣí ibi epo ṣéènì, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Orí àga kan náà tó ń ké ni Ọ̀gá Onípákó padà sí ní àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n òdì kejì tábìlì ni ìbéèrè ti ń wá báyìí. Tọpinpin wò ó títí. Ó ti yé e bí òróró ṣe ń gan. Bí èèyàn ṣe ń gan bẹ́ẹ̀ láàárín ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ àti ìgbà tó gbé kẹ́ẹ̀gì, ìyẹn ò yé e.

Ní ọsibítù, Mẹ́káníìkì dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ bóyá kí òun wọlé. Ìyàwó Arẹ́gi tì í wọlé láti ẹ̀yìn. Arẹ́gi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ẹni tó gbọ́ ọ kó tó ṣẹlẹ̀. 

"O lò ó?" Arẹ́gi béèrè.

"Mo fi la èyí tí ẹ là kù, ẹ̀gbọ́n."

"Epo ńkọ́?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Díẹ̀ báyìí ló kù nísàlẹ̀."

Arẹ́gi mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àyè lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Jókòó," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ ṣí kúlà. Oúnjẹ náà ti tutù bí omi odò. Ó fi ṣíbí méjì sí i.